Ohun Tí Mo Kọ́ Lẹ́nu Ọ̀nà Àwọn Òṣìṣẹ́ Tó Dìbò fún Conservative

Obìnrin náà ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Aṣọ iṣẹ́ ìmọ́tótó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, èkejì ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wo báàjì pupa ẹgbẹ́ òṣèlú Labour tó wà láyà mi, ó ní, "Ìgbà ìbò nìkan lẹ máa ń rántí òpópónà yìí. Bàbá mi dìbò fún yín títí ó fi kú. Bàbá tó bí i náà dìbò fún yín. Èmi ti ṣe tèmi tán." Ó wá rọra ti ilẹ̀kùn. Ká ní ó fi ìbínú gbá a mọ́ mi lójú ni, bóyá èmi ì bá ti gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó ṣe rọra tì í yẹn ló dùn mí.

Ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2019 ni. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni, ilẹ̀ ti ṣú, òjò winniwinni sì ń rọ̀ sórí ìwé tí mo fi ọ̀rá bò lọ́wọ́. Mo sàmì sí nọ́ńbà ilé náà pé wọn kì í ṣe tiwa mọ́, mo bọ́ sí ilé kejì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ fún mi níbẹ̀.

Ọdún keje mi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Derbyshire, lágbègbè tí wọ́n ti ń wa èédú láyé àtijọ́. Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó bá ń gbé ibẹ̀ lọ́nà òfin lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, torí náà mo ti ń dìbò kí n tó ronú àtidi ọmọ onílùú. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí mo wà nínú rẹ̀ ní àwọn ń wá ẹni tí yóò bá Labour kan ilẹ̀kùn kiri láti wá ìbò, mo nawọ́ sókè. Tọkàntọkàn ni mo fi ṣe é. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà lára àwọn tó dá Labour sílẹ̀ ní 1900. Labour ló dá NHS, ètò ìlera ìjọba, sílẹ̀ ní 1948, tí olówó àti mẹ̀kúnnù fi ń gba ìwòsàn láìsanwó nílé ìwòsàn. Labour ló ṣòfin owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1999 pẹ̀lú £3.60 fún wákàtí kan. Lójú tèmi nígbà náà, òṣìṣẹ́ tó bá dìbò fún Conservative, ẹgbẹ́ tó ń bá Labour du ìjọba, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé oúnjẹ rẹ̀ fún ẹlòmíràn ni.

"Kí ló dé tí wọ́n ń dìbò lòdì sí ire ara wọn?" Ìbéèrè yìí kì í kúrò lẹ́nu wa nínú ọkọ̀ tí a bá ń padà sílé. Àwa la máa ń bi ara wa, a kì í bi wọ́n. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó lé wọn lọ. Ẹni tó bá bi ọ́ ní irú rẹ̀ ti sọ fún ọ pé òun mọ ire rẹ jù ọ́ lọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ là mí lójú ni bàbá kan tí mò ń tọ́jú. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ti lé lẹ́ni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pè é ní "sà", ó ní kí n má pè é bẹ́ẹ̀, pé òun ò ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni rí láyé òun, kí n máa pe òun lórúkọ bí àwọn yòókù ṣe ń ṣe. Ẹnu mi ò gbà á. Ẹni tó dàgbà ju bàbá mi lọ! Mo wá ń pè é ní Bàbá, mo sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn ìlà aláwọ̀ búlúù wà káàkiri ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fín in. Mo rò pé ó fínra nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni. Ó ní rárá o. Bí òkúta bá gé awakùsà lára lábẹ́ ilẹ̀, tí eruku èédú bá kó sójú egbò náà kó tó jinná, àwọ̀ yẹn ò ní kúrò mọ́ títí ayé. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wọ kùsà.

Ó wà nínú ìyanṣẹ́lódì ńlá tí àwọn awakùsà ṣe láti oṣù Kẹta 1984 sí oṣù Kẹta 1985. Odindi ọdún kan láìgba owó iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn obìnrin tó ń se oúnjẹ fún gbogbo àdúgbò. Ní Nottinghamshire tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ awakùsà ló ń lọ síbi iṣẹ́ ní tiwọn, ó sì sọ fún mi pé àwọn ọmọ ìyá wà tí wọn ò kí ara wọn mọ́ látìgbà náà. Ìyanṣẹ́lódì náà parí láìrí nǹkan kan gbà, wọ́n sì ń ti àwọn kùsà pa lọ́kọ̀ọ̀kan títí kò fi ku ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ Margaret Thatcher, olórí ìjọba Conservative ìgbà náà, nínú yàrá bàbá yìí.

Nígbà tí oṣù Kejìlá wọlé, ìwé ìbò tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sílé dé fún un. Ìlànà iṣẹ́ wa ò gbà kí a dá sí ìbò ẹni tí à ń tọ́jú, torí náà mi ò bi í ní ohunkóhun. Òun ló pè mí. Ó ti pa àpòòwé náà dé, ó gbé e lé itan, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ mọ́lẹ̀ bọ̀ kó lè lẹ̀ dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. "Conservative ni mo sàmì sí," ó wí. "Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyí. Ó dáa tí bàbá mi ò sí láyé láti rí i."

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo bá a tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe, mo jáde.

Kò sọ ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde, lóru, tí mo bá wọlé láti yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì tàbí láti fún un lómi. Èyí tó kọ́kọ́ sọ ni ti ìdìbò ọdún 2016, nígbà tí wọ́n bi ará ìlú bóyá kí orílẹ̀-èdè náà kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù tàbí kó dúró. Jákèjádò orílẹ̀-èdè, ìdá 51.9 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kí wọ́n kúrò. Ní Bolsover, lápá ibi tí à ń sọ yìí, ó lé ní ìdá 70. Nígbà tó fi máa di 2019, Labour ní bí àwọn bá wọlé, àwọn á tún padà lọ bi ará ìlú. Àwa rò pé ọgbọ́n ni, pé yóò tẹ́ tọ̀tún tòsì lọ́rùn. Ohun tí bàbá gbọ́ yàtọ̀. "Wọ́n ní kí n yàn, mo yàn. Wọ́n wá ní mi ò mọ ohun tí mò ń yàn, kí n wá tún un yàn. Èmi tí mò ń wa èédú tí wọ́n fi ń yáná ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún!"

Láwọn ìpàdé wa, ọ̀rọ̀ owó ibodè àti ọjà ni a máa ń sọ lórí Brexit, ìyẹn kíkúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wa pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sín ni. Yorùbá ló sì wí pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ó yẹ kí èmi tètè mọ̀ ọ́n.

Lálẹ́ ọjọ́ mìíràn, ó sọ èyí tí mi ò lè gbàgbé. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kùsà pa, ọ̀pọ̀ awakùsà ni wọ́n fi sórí owó tí ìjọba ń fún aláìlera, nítorí pé iṣẹ́ mìíràn ò sí. Òun náà gbà á. Ó ní ìlú kejì lòun máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ láti gba owó náà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, kí ẹni tó mọ òun má bàa rí òun lórí ìlà. "Mi ò tọrọ owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni," ó wí. "Iṣẹ́ ni mo tọrọ. Ẹ̀yin ẹ sì máa ń wá sọ iye owó tí ẹ máa fún mi." Mo gbé ìwé ìpolongo wa jáde nínú àpò mi nígbà tí mo délé láàárọ̀, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Gbólóhùn tó wà níbẹ̀, "a ó fún yín" ló pọ̀ jù.

Mo bi í léèrè nípa Dennis Skinner, aṣòfin Bolsover. Awakùsà ni Skinner fúnra rẹ̀ kó tó wọ ilé ìgbìmọ̀ ní 1970, ó sì ti wà níbẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Bàbá ní, "Kò sí ohun tó ṣe mí. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni." Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn: àwọn ọ̀dọ́ tó ti yunifásítì bọ́ sí ọ́fíìsì òṣèlú, tí ọwọ́ wọn ò kan irin rí, tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ nípa "òṣìṣẹ́" bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yà kan tó wà ní òkè òkun.

Ìlérí tiẹ̀ tún kó bá wa. Láàárín ìpolongo náà, Labour kéde pé àwọn yóò fún gbogbo ilé ní íntánẹ́ẹ̀tì ayára-bí-àṣá lọ́fẹ̀ẹ́. Inú èmi dùn sí i. Nígbà tí mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà àwọn ènìyàn, ojú tí wọ́n fi wò mí kúrò ní ti ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ṣe kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ta ni yóò san án?" Mo ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni. Ó ní, "Ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn, èmi náà ni mo sì máa ń san án." Mo wá rí i pé ẹni tí a ti já kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kì í wo bí ìlérí ṣe tóbi tó, ó máa ń wò ó bóyá ó lè ṣẹ. Boris Johnson, olórí Conservative nígbà náà, dé pẹ̀lú gbólóhùn kan ṣoṣo pé òun yóò parí Brexit. Ó kéré, ẹnu lè gbé e, ó sì ní ọjọ́ tí a lè kà. Tiwa kún inú ìwé ńlá.

Ilé ni ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e. Ní òpópónà kan tí àwọn ilé káńsù, ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fi yá àwọn ènìyàn, tò sí, mo ṣàkíyèsí pé àwọn ilẹ̀kùn kan ní àwọ̀ tiwọn, àwọn yòókù sì jọra. Ìyá àgbà kan ló ṣàlàyé fún mi. Ní 1980, ìjọba Thatcher ṣòfin tó jẹ́ kí ẹni tó ń gbé ilé káńsù rà á, pẹ̀lú ẹ̀dínwó tó bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún, tó sì lè dé ìdajì fún ẹni tó bá ti pẹ́ níbẹ̀. Ó ju mílíọ̀nù kan ilé lọ tí wọ́n tà bẹ́ẹ̀. Ọkọ ìyá yìí ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ní lọ́jọ́ tí ìwé ilé náà jáde, ọkọ òun ò dúró jẹun àárọ̀, ó gba ilé ọlọ́dà lọ, ó sì kun ilẹ̀kùn náà ní àwọ̀ ewé. Títí di ọjọ́ yẹn, káńsù ló ń bá wọn yan àwọ̀ ilẹ̀kùn wọn. Ó fi ọwọ́ ra igi ilẹ̀kùn náà bó ṣe ń sọ ọ́. Látìgbà náà, Conservative ló ń dìbò fún, ọkọ rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú.

Yorùbá ni yóò ka ìwé yìí, torí náà mi ò nílò láti ṣàlàyé ohun tí ilé ẹni jẹ́. Ṣé ẹni tó sọ mí di onílé ni ẹ máa sọ fún mi pé ọ̀tá mi ni? Ìyá yìí ò dìbò lòdì sí ire ara rẹ̀. Àwa la ò mọ ire rẹ̀. Ìwé ìpolongo wa kún fún ọ̀rọ̀ àwọn ayálégbé, bẹ́ẹ̀ ẹni tí à ń pè ní òṣìṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ wa ti fẹ̀yìn tì, ó ti sanwó ilé rẹ̀ tán, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì ń gòkè lọ́dọọdún nítorí ìlànà tí ìjọba tí Conservative ń ṣolórí rẹ̀ ti ń tẹ̀ lé láti 2011. Àfikún owó wákàtí iṣẹ́ ò kàn án mọ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ló kàn, ọmọ náà sì ń sùn lórí àga ní pálọ̀ rẹ̀ nítorí pé kò rí ilé yá. Àwọn ilé tí wọ́n tà nígbà náà, wọn ò kọ́ òmíràn tó tó o dípò wọn. Mo sọ ọ́ fún ìyá náà, mo sì ṣì gbà pé òótọ́ ni mo sọ. Ó ní káńsù ni kò kọ́lé. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ jáde wá, mo bi í ẹni tó máa dìbò fún, ó ní òun ò ní dìbò rárá. Irú rẹ̀ pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àná ní Britain. Láti 1867 tí òfin tí ìjọba Conservative gbé kalẹ̀, tí Benjamin Disraeli darí rẹ̀ nínú ilé ìgbìmọ̀, ti fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́kùnrin inú ìlú ńlá ní ẹ̀tọ́ ìdìbò ni àwọn kan nínú wọn ti ń dìbò fún ẹgbẹ́ náà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí Labour lágbára gan-an, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ ló ṣì wà lọ́dọ̀ Conservative. Ẹgbẹ́ olówó nìkan ò lè ṣèjọba tó bí wọ́n ṣe ṣe é. Àwọn olówó ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kan èmi fúnra mi ni ẹ̀gbọ́n mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ Yorùbá ni, alẹ́ ló máa ń tún ilé ìwòsàn ṣe, ó sì ti tọ́ ọmọ mẹ́ta yanjú lẹ́nu iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ Sunday kan, mo ń fi ọkọ̀ gbé e lọ sílé, ó rí àwọn ìwé pupa lórí àga ẹ̀yìn. Ó ní, "Àbúrò mi, àwọn wọ̀nyí lo ń bá kiri? Conservative lèmi máa dìbò fún."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ń gé owó ilé ìwòsàn tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ńkọ́?"

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n láago márùn-ún ìdájí tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ta ló ń sùn? Ta ló máa jí láago mọ́kànlá, tí yóò gba owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tèmi? Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe tọ́ ìwọ náà nìyẹn."

Mo bá a jiyàn dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Mo sọ fún un pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba Universal Credit, owó tí ìjọba fi ń ran ẹni tí owó rẹ̀ ò tó lọ́wọ́, ló níṣẹ́ lọ́wọ́, pé owó ìfẹ̀yìntì àwọn arúgbó ló ń jẹ apá tó pọ̀ jù nínú owó ìrànwọ́ ìjọba. Kò yí i lọ́kàn padà. Lẹ́yìn tó sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó sínú ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn, ọ̀rọ̀ bàbá mi ni. Mo tún rántí pé èmi náà, láàárọ̀ tí mo bá ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, tí oorun ń kùn mí, tí mo bá rí kọ́tìnnì aládùúgbò mi ní pípadé, nǹkan kan máa ń rú nínú mi. Ọkùnrin náà lè máa ṣàìsàn; mi ò bi í rí. Ní 2012, George Osborne tó jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná sọ̀rọ̀ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, Conservative, nípa òṣìṣẹ́ tó jáde nílé nínú òkùnkùn ìdájí, tó ń wo fèrèsé aládùúgbò rẹ̀ tó ṣì wà ní títì, tí onítọ̀hún ń sùn lórí owó ìrànwọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo pè é ní ìkà. Ìkà náà ni, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí egbò wà, ó sì fi ìka tẹ̀ ẹ́. Olówó tó ń sá fún owó orí wà lókèèrè, òṣìṣẹ́ kì í rí kọ́tìnnì tirẹ̀. Aládùúgbò ló ń rí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti àwọ̀ àti àlejò, nítorí pé ẹni tó bá kọ irú ìwé yìí tí kò sọ ọ́ ti purọ́. Ọkùnrin kan bu ife tíì fún mi nínú òtútù, ó ní àwọn àjèjì ti pọ̀ jù, ìdí tóun fi ń kúrò lẹ́yìn Labour nìyẹn. Ó wo ojú mi, ó ní, "Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá wí o. Ìwọ ń ṣiṣẹ́." Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Tíì náà gbóná, mo mu ún, ọ̀rọ̀ náà sì dúró sí mi lọ́fun. Ní ilé mìíràn, wọ́n fi àwọ̀ ara mi bú mi láìfi bò, mo sì kúrò níbẹ̀. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo irú ìyẹn. Ẹ̀tanú ni, bóyá òṣìṣẹ́ ló sọ ọ́ tàbí olówó. Ṣùgbọ́n ilé tí mo ti gba èébú ò tó ìka ọwọ́ kan. Àwọn tó ń bèèrè ìbéèrè ló pọ̀: kí ló dé tí owó iṣẹ́ ò gòkè, kí ló dé tí dókítà ò ráyè rí mi? A máa ń pa àwọn méjèèjì pọ̀. Ọkùnrin kan ṣì ń sọ ti Gordon Brown, tó ṣe olórí ìjọba Labour nígbà náà, bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀: ní oṣù Kẹrin 2010, ní Rochdale, obìnrin opó kan tó ti ń dìbò fún Labour bi í ní ìbéèrè nípa àwọn tó ń wọ̀lú. Brown dá a lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, kò mọ̀ pé máíkì ṣì wà láyà òun, ó sì pè é ní ẹlẹ́tanú. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló gbọ́. Ọkùnrin náà ní, "Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa gbogbo wa nìyẹn tí wọ́n bá ti wọ ọkọ̀." Mo rántí ọkọ̀ tiwa. Mo rántí ìbéèrè tí a máa ń bi ara wa nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti bá wọn bi í mọ́.

Iṣẹ́ ni mo wà lálẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá. Láago mẹ́wàá, tẹlifíṣọ̀n ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Kó tó di ọ̀gànjọ́, Blyth Valley tó jẹ́ agbègbè èédú, tí Conservative ò gbà rí, bọ́ sọ́wọ́ wọn, ẹni tó sì gbà á fún wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ NHS. Sedgefield tí Tony Blair, olórí ìjọba Labour nígbà kan, ṣojú fún tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ìgbẹ̀yìn, Conservative ní ìjókòó 365 nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, Labour ní 202, tó kéré jù lọ fún wọn láti 1935. Bàbá fọwọ́ tẹ aago rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ní kí n po tíì fún òun. Ó bi mí ní ti Bolsover. Mo sọ fún un pé Skinner ti lọ.

Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ó gbé ife náà dání títí tó fi tutù. Ó ní, "Ó dùn mí fún un. Ọmọ wa ni." Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọdún tuntun ló kú.

Ní oṣù Keje 2024, Bolsover padà sọ́dọ̀ Labour. Ashfield tó wà nítòsí ò padà. Lee Anderson, awakùsà tẹ́lẹ̀ rí, tó ti ṣe káńsílọ̀ fún Labour, tó wọlé fún Conservative ní 2019, ni wọ́n tún yàn, lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní Reform. Labour gba ìjókòó 411 pẹ̀lú ìdá 33.7 péré nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, mi ò sì rí ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà tó sọ fún mi pé òun nífẹ̀ẹ́ wa. Ó sú wọn ni. Lóṣù Kọkànlá tí Kemi Badenoch di olórí Conservative, ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ pè mí láàárọ̀, ayọ̀ kún ohùn rẹ̀, ó ní, "Àbúrò mi, o ti gbọ́?" Mo bá a yọ̀. A ò jiyàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìbò 2024 yẹn, mo padà sí òpópónà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò wọ báàjì, ìwé kankan ò sì sí lọ́wọ́ mi. Obìnrin náà ló ṣílẹ̀kùn. Irun rẹ̀ ti funfun díẹ̀ níwájú, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò dá mi mọ̀. Mo ní mo fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí níbí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, ó wọlé, ó sì mú lẹ́tà kan jáde. Wọ́n fẹ́ dá bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ìdájí dúró, èyí tó máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá ní èrò lórí rẹ̀ kó kọ̀wé ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó sì ti ku ọjọ́ méjì. A jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Òun ló ń sọ, èmi ni mò ń kọ, ó sì ní kí n pa gbólóhùn kan rẹ́ nítorí ó jọ ẹ̀bẹ̀. Mo pa á rẹ́. Ó fọwọ́ sí i, ó ká a, ó sì fi í sínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò sọ ẹni tó fẹ́ dìbò fún, mi ò sì bi í.